Ìdánwò Tí Omi Kànga Wa Ṣe ní Agbedeméjì

Abà Agbedeméjì,
Lẹ́yìn odò, lọ́nà Ìdèrè,
Ìbàràpá.
Ọjọ́ kejì ọjà Lanlátẹ̀.

Mùjídàt, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Àsàlámù àléékúmù. Ṣé àlàáfíà ni o wà, ṣé àjíǹde ara ń jẹ́? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹun, àbí búrẹ́dì nìkan ni o ṣì ń fún wọn? Ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ńkọ́, ṣé kò jágbe mọ́ ọ mọ́? Ọlọ́run tó gbé sánmà ró láìlo òpó ni yóò máa gbé ọ ró ní Èkó. Ilé tí o ń gbé tí o kò mọ ẹni tó wà lórí rẹ àti ẹni tó wà lábẹ́ rẹ yẹn, kò ní wó lù yín. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní já sí kòtò. Àmín.

Ohun tó mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí ni pé mo gbọ́ pé ìyá rẹ ti pè ọ́ lórí fóònù, ó sì ti sọ fún ọ pé inú ṣáláńgá ni mo wà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ Àlàmísì kan lóṣù tó kọjá. Ọmọ mi, irọ́ ni. Ìyálẹ̀ta ni mo wọlé, wọn kò sì tíì pe ìrun Alásàrí tí mo fi jáde. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu èmi tí mo wà nínú rẹ̀, kì í ṣe lẹ́nu ẹni tó dúró síta.

Mi ò fẹ́ fi fóònù sọ ọ́, nítorí ọjọ́ tí owó mi sọnù sínú fóònù tí mo pe àwọn tó ni ín, obìnrin kan kọ́kọ́ sọ fún mi pé gbogbo ohun tí mo bá sọ ni àwọn yóò gbà sílẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìgbẹ́ gbuuru bàbá rẹ ṣe tí wọ́n á fi gbà á sílẹ̀? Lẹ́tà ló dára. Godwin tó ń tu ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé e sọdá fún awakọ̀ tó ń lọ sí Ìgbó-Ọrà, Godwin kò sì mọ Yorùbá kà, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó kọ́ ọ kí lẹ́tà yìí tó dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Nílé níbí, òjò ti rọ̀ dáadáa. Ẹ̀gẹ́ ta, àgbàdo yọ ọmọ, ewúrẹ́ ìyá rẹ tún bí ìbejì, bí ẹni pé Ìgbó-Ọrà la ti rà á. Odò Òfìkì ti kún, odò kékeré ẹ̀yìn abà náà kún, àwọn méjèèjì sì ti fọwọ́ kọ́ ara wọn bí wọ́n ti máa ń ṣe lọ́dọọdún, a ti di ará àárín omi. Bí o kò bá wọ ọkọ̀ Godwin, o kò lè jáde, o kò sì lè wọlé. Omi wà lọ́tùn-ún, omi wà lósì, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé kò sí èyí tó ṣeé mu nínú rẹ̀, kànga wa nìkan ni gbogbo abà gbójú lé. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí omi yí wa ká ni wolé-wolé dé. Wolé-wolé ayé ìgbà tiwa, ọkùnrin ni, ó máa ń wọ kaki, ó máa ń mú ọ̀pá lọ́wọ́, bí ó bá ti ń bọ̀ lókèèrè gbogbo ilé ni í sá lọ sóko. Ti ìsinsìnyí yìí, ọmọdébìnrin ni, Làtíífàt lorúkọ rẹ̀, kò lè ju àbúrò rẹ lọ. Ó wọ hìjáàbù, ó wọ bàtà rọ́bà dé orúnkún, ó gbé kúlà kan lé orí itan nínú ọkọ̀ Godwin. Nígbà tí mo rí kúlà, mo rò pé ọlọ́tí ẹlẹ́rìndòdò ni. Mo ní kó fún mi ní ọ̀kan tó tutù dáadáa. Ó ní òfìfo ni, omi tí òun wá gbà lọ́dọ̀ wa ni òun fẹ́ gbé sínú rẹ̀. Mo mi orí. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ìyà ti jẹ ìjọba débi pé abà wa ni wọ́n ti ń wá omi mu.

Ó mú fọ́ọ̀mù jáde. Ó béèrè pé níbo ni omi tí à ń mu ti ń wá. Mo ní ọ̀dọ̀ Ọlọ́run. Ó ní òótọ́ ni Bàbá sọ, ṣùgbọ́n kànga, odò àti ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, kí n mú ọ̀kan. Mo ní mi ò lè fọwọ́ sí ìwé tí kò sí Ọlọ́run nínú rẹ̀. A fa ọ̀rọ̀ náà títí, ní ìkẹyìn ó fàlà sí kànga, ó wá fi lẹ́tà wínníwínní kọ Ọlọ́run sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún mi. Ó béèrè iye ènìyàn tó ń mu ún. Mo ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ó ní kí n fojú bù ú. Mo fojú bù ú, mo ní a pọ̀. Ó wá béèrè bí kànga ṣe jìnnà sí ṣáláńgá tó. Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí ju gbogbo èyí tó kù lọ, nítorí ṣáláńgá tí ìwọ fowó ránṣẹ́ pé kí a kọ́ léṣìí ni, èyí tí mo kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù. Mo sọ fún un pé wọn kò jìnnà síra rárá, ìṣísẹ̀ méjìlá péré, èmi fúnra mi ni mo yan ibẹ̀ kí ẹni tó bá jáde lè tètè rí omi fọwọ́, nítorí ìmọ́tótó. Ó wo ojú mi, ó wo ṣáláńgá, ó kọ nǹkan gígùn sílẹ̀. Mo rò pé ó ń yìn mí ni.

Ó fọ ọwọ́, ó tún fi oògùn nu ọwọ́ tó ti fọ̀, ó fi okùn sọ ìgò kékeré kan sínú kànga bí ẹni ń fi ìwọ̀ dẹ ẹja. Ó kọ orúkọ mi, GÀNÍYÙ 1, sára ìgò náà. Tíṣà Adérógbà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà tó sì ń bá wa ka ohun gbogbo tó bá jẹ mọ́ gẹ̀ẹ́sì, wà níbẹ̀. Ó béèrè pé báwo ni èmi ṣe gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdánwò tí wọn kò tíì ṣe, tí kò sì sí kànga kejì lábà. Mo ní ohun tí wọ́n ń pè ní kò-sí-irú-ẹ̀ nìyẹn. Làtíífàt ní ìgò náà ń lọ ṣe àyẹ̀wò ni, kí a máa se omi wa kí a tó mu ún títí èsì yóò fi dé. Gbogbo wa dáhùn pé a ti gbọ́. A sì gbọ́ lóòótọ́, a kò kàn ṣe é ni.

Kó tó lọ, ó na fóònù sí kànga, ó ní òun ti fi í sórí máàpù, pé àwọn ọ̀gá òun ní Ìbàdàn yóò máa rí i láti orí ìjókòó wọn. Mùjídàt, ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù bà mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní kí wọ́n máa gbá àyíká kànga láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo sì ṣòfin pé obìnrin kankan kò gbọ́dọ̀ so ìró mọ́ àyà lọ fa omi mọ́. Èmi fúnra mi, bí mo bá ń kọjá, mo máa ń ṣí fìlà, mo máa ń kí àwọn ọ̀gá Ìbàdàn náà pé wọ́n kú iṣẹ́ o.

Èsì dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Godwin ló gbé ìwé náà wá. Tíṣà wọ jígí, ó kà á, ó tún un kà. Ó ní wọ́n kọ ọ́ pé ohun tó wà nínú omi náà pọ̀ ju kíkà lọ. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo ní àmín. Tíṣà ní kí n fara balẹ̀, òun kò rò pé àdúrà ni. Mo ní kó fi ibi tí wọ́n kọ burúkú sí hàn mí nínú ìwé náà. Kò rí i. Mo ní gbogbo àdúrà tí lèmọ́mù ti ń gbà fún wa láti ọjọ́ yìí, pé kí oore wa pọ̀ kọjá òǹkà, inú kànga ló ti ń lọ kó ara jọ láìjẹ́ pé a mọ̀. Mo pa àkùkọ kan. Mo ní kí gbogbo abà wá mu nínú omi oore. Mo bu kẹ́ẹ̀gì kan ránṣẹ́ sí àwọn àna rẹ ní Lanlátẹ̀, mo ní kí wọ́n máa fún aláboyún inú ilé wọn mu. Jọ̀wọ́, bí o bá ka ibí yìí, dúró ná, pè wọ́n kíákíá, ní kí wọ́n fi fọ alùpùpù.

Ọjọ́ Àlàrùbá tó tẹ̀lé e ni Làtíífàt sáré padà wá. Ó bá egungun àkùkọ nílẹ̀, ó béèrè ohun tí a ń ṣe, nígbà tí wọ́n sì sọ fún un, ó jókòó sórí kúlà rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé jẹ́jẹ́ pé ohun tó pọ̀ ju kíkà yẹn, kòkòrò ni, kòkòrò tí ojú kò lè rí, láti inú ìgbẹ́ ló sì ti wá. Ó ní ṣáláńgá wa ń gba abẹ́ ilẹ̀ jò sínú kànga, pàápàá nígbà òjò tí omi kún inú ilẹ̀. Mo bi í pé bí ojú kò bá lè rí wọn, ta ló wá ń kà wọ́n tó fi rẹ̀ ẹ́? Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Àbẹ̀kẹ́, mo fẹ́ kí o mọ̀ pé kì í ṣe agídí lásán. O mọ àpá tó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, omi àbàtà là ń mu lábà yìí, sòbìà sì dá mi dùbúlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko lásìkò ìkórè, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti bàbá mi fúnra rẹ̀, àgbàdo gbẹ sóko, kò sẹ́ni tó lè dìde lọ ká a. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bàbá mi san ló mú ọkọ́, ó gbẹ́ kànga yẹn, òun nìkan, kò bẹ ẹnikẹ́ni lọ́wẹ̀. Láti ọjọ́ náà, sòbìà kò yọ lára ẹnikẹ́ni mọ́ ní Agbedeméjì. Ọmọ kan wá ti òkè odò wá, ó ń wí fún mi lójú gbogbo ayé pé ìgbẹ́ ló wà nínú kànga bàbá mi. Àyà mi gbóná. Mo gba igbá lọ́wọ́ obìnrin kan, mo bu omi, mo mu ún tán. Mo bu ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo mu ún tán. Nígbà tí mo bu ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Làtíífàt ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ mí. Mo mu ún. Mo ní kí gbogbo wọn padà wá ní ìyálẹ̀ta ọ̀la kí wọ́n wá fojú ara wọn wò mí. Ìyá rẹ kàn lọ bu omi gbígbóná sínú búùtà, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà ṣáláńgá. Mo rí i, mo sì kà á sí àrífín.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo abà pé, Làtíífàt náà dé. Mo wọ agbádá tí o rà fún mi níléyá, kí wọ́n lè mọ̀ pé ara mi dá. Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo ní ẹ̀yin ará Agbedeméjì, ẹ wò mí dáadáa. Ibi tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Nǹkan kan yí mi nínú bí ìgbà tí wọ́n ń fún ẹ̀gẹ́ lápò. Mo ká agbádá, ó bọ́ sílẹ̀, mo tún un ká, kò sì sí àǹfààní láti sọ pé ẹ dákun. Má béèrè agbádá náà lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí mo wà nínú ibẹ̀, wọn kò tú ká. Mò ń gbọ́ wọn. Mo gbọ́ tí Tíṣà ń ka ìṣísẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn mi lọ sí ẹnu kànga, ó ń kà á sókè bí ẹni ń kọ́ ọmọ lóǹkà, ó ka ẹ̀jìlá, mo sì gbọ́ tí korobá dún. Mo gbọ́ tí Godwin ń bi wọ́n bóyá kí òun ti ọkọ̀ sílẹ̀ dè mí kí òun gbé mi lọ sí ọsibítù. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ìyá rẹ nítòsí ògiri, ó rò pé mi ò gbọ́. Ó ń sọ fún Làtíífàt pé inú tòun náà ti ń ṣí láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló rí fún ìyàwó ilé kejì àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Làtíífàt bi í pé kí ló dé tí wọn kò sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ ní, "Kànga bàbá ọkọ mi ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu sọ ọ́ fún un?"

Ọmọ mi, mo ti fẹ́ obìnrin yìí fún ọdún méjìdínlógójì. Mi ò mọ̀ pé ó lè ṣàìsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fún oṣù kan kí n má mọ̀. Mo jókòó sórí ihò náà, mo ro ti bàbá mi. Mo ní nínú ọkàn mi pé ọkùnrin tó gbẹ́ kànga nítorí kí ìdílé rẹ̀ má ṣàìsàn, bí ó bá wà láàyè, ṣé yóò jẹ́ kí wọ́n ṣàìsàn nítorí kànga? Mo lu ilẹ̀kùn láti inú. Mo ní, "Làtíífàt ọmọ mi, bá wa dé kànga náà pa."

Mo ṣì wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i lẹ́yìn tí mo sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá gba àṣìṣe rẹ̀, inú rẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n gba ihò ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ti omi oníyọ̀ àti ṣúgà sí mi, mo ń mu ún níbẹ̀.

Wọ́n dé kànga náà pa. Omi òjò là ń gbè, à ń sè é, à ń mu ún. Omi sísè kò ládùn, ó dà bí ẹni ń mu afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n inú ìyá rẹ dúró láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Làtíífàt ní a gbọ́dọ̀ dí ṣáláńgá náà, kí a gbẹ́ òmíràn sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀, ọgbọ̀n mítà sí kànga. Mo yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀, a ń wọn ilẹ̀ díẹ̀ díẹ̀ bí ẹni fẹ́ rán sòkòtò fún un. Èmi, Godwin àti Tíṣà la gbẹ́ ihò náà. A tú ilẹ̀kùn búlúù rẹ, a gbé e lọ síbẹ̀, nítorí náà má rò pé owó rẹ ṣègbé, ó kàn kó ilé ni.

Nígbà tó yá, a fa omi kànga títí ó fi kan ẹrẹ̀, Làtíífàt sì mú oògùn kànga wá, ó funfun, ó ń ta nímú. Mo bi í bóyá kí kànga kọ́kọ́ jẹun kó tó lò ó. Ó kọ́kọ́ rò pé mo ń ṣẹ̀fẹ̀. Ìgbà tó rí ojú mi, ó ní rárá Bàbá, ó lè lò ó bẹ́ẹ̀. A dúró títí òórùn rẹ̀ fi lọ, ó tún sọ ìgò sínú rẹ̀, ó tún gbé e lọ. Mùjídàt, mi ò lè jẹun dáadáa lọ́sẹ̀ náà. Nígbà tí ìwọ ń ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, mo sùn. Ti kànga yìí, mi ò lè sùn.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ló dé. Ó ti dìde dúró nínú ọkọ̀ kí Godwin tó dé èbúté, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó já sómi. Ó ní òdo la gbà. Kò sí kòkòrò kan ṣoṣo. Gbogbo abà hó. Tíṣà ní òun ṣe tíṣà fún ọgbọ̀n ọdún, òun na ọmọ púpọ̀ nítorí òdo, òun kò rí ibi tí wọ́n ti gbé ẹni tó gba òdo kọ́rùn rí. Wọ́n gbé mi kọ́rùn, mo sì sunkún díẹ̀, oòrùn ló wọ̀ mí lójú.

A ti dá ìgbìmọ̀ omi sílẹ̀. Làtíífàt ní kí a yan ẹni tó máa ń rí ohun tó ń bọ̀ kó tó dé. Wọ́n yan ìyá rẹ. Òun ni alága, Tíṣà ni akọ̀wé, èmi ni mò ń gbá àyíká. Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọn yóò máa wá yẹ omi wò, ìyá rẹ sì ti ń pàṣẹ fọwọ́-rẹ fún àgbà àti ọmọdé.

Ó wá ku ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ. A nílò sìmẹ́ǹtì tí a ó fi kọ́ etí kànga sókè àti páànù tí a ó fi bo ṣáláńgá tuntun, nítorí ẹni tó wà nínú rẹ̀ nísinsìnyí àti òjò jọ ń pín in ni. Má fi owó náà ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin tó ń fi ẹ̀rọ sanwó ní Ìdèrè. Ìgbà tí mo lọ síbẹ̀ lójọ́sí, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Mo béèrè ibi tó lọ, ó ní òun kò mọ̀. Mo dúró dè é títí ọjọ́ fi rọ̀, kò padà wá, kò sì sí ẹni tó jáde wá a. Fún awakọ̀ Ìgbó-Ọrà, kí ó fi lé Godwin lọ́wọ́. Bí ó bá sì ṣẹ́ kù sí ọ lọ́wọ́, ra ìró kan fún alága.

Mùjídàt Àbẹ̀kẹ́, o kò ní mu omi ẹ̀tàn. Ẹni tó ń ṣàìsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí o tètè mọ̀. Oore rẹ yóò pọ̀ ju kíkà lọ, èyí tí àdúrà ń wí gan-an, kì í ṣe ti inú ìwé. Ohun tí ojú rẹ kò rí tó ń wá ọ bọ̀, Ọlọ́run tó rí i yóò kà á fún ọ, yóò sì kà á kan òdo. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Gàníyù,
Agbálẹ̀ Ìgbìmọ̀ Omi, Agbedeméjì.